Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi lẹ́ǹsì pa ìlú wa rẹ́, ẹ gbọ́ o

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, màá sọ ọ́ lónìí, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Àwọn fọ́tò tẹ́ ẹ ń gbé síbí pé ẹ yà ní Ìlaròó, ní Ayétòrò, ní Ọjà-Ọ̀dàn, mo ti wò wọ́n títí, mi ò rí Ìlaròó níbẹ̀. Mo rí ojú èèyàn kan. Mo rí ìpéǹpéjú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí nǹkan kan tó dà bí ọ̀rá tó yọ́ nínú oòrùn. Ìlú dà?

2/
Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní "vintage glass" ni. Ẹ máa ní "wide open" ni, pé mi ò mọyì ẹwà. Ẹ gbọ́, mo fẹ́ràn lẹ́ǹsì àtijọ́ ju ọ̀pọ̀ yín lọ. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́, òun ni mo fi ń jẹun. Ìdí gan-an nìyẹn tí inú fi ń bí mi. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún wa ká fi ríran lẹ ń fi fọ́ wa lójú.

3/
Ká kọ́kọ́ gbọ́ra wa yé, torí àwọn tí kì í ya fọ́tò. Nọ́ḿbà tó wà lára lẹ́ǹsì, f/1.5, f/2, f/8, òun ló ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe là tó. Bí nọ́ḿbà bá ṣe ń kéré sí i lojú ń là sí i. Lẹ́ǹsì tó là dé f/1.4 ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 4 ju f/2.8 lọ, ìlọ́po 16 ju f/5.6 lọ. Èyí tó bá là tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "fast lens", torí pé ṣọ́tà lè yára ṣí kó yára pa, kí fọ́tò má sì ṣókùnkùn. Èmi á máa pè é ní lẹ́ǹsì olójú ńlá.

4/
Ta ló ṣe é, kí ló sì ṣe é fún? Ní 1924, ní Jámánì, kámẹ́rà kan jáde tó ń jẹ́ Ermanox. Lẹ́ǹsì rẹ̀ là dé f/2. Ẹni tó ṣe lẹ́ǹsì yẹn, Ludwig Bertele, kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Láyé ìgbà yẹn, fláàṣì jẹ́ ètù tó ń bú gbàù, tó ń rú èéfín. Ayafọ́tò kan tó ń jẹ́ Erich Salomon wá gbé Ermanox wọ ilé ẹjọ́ àti ìpàdé àwọn olóṣèlú, ó ń yà wọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ iná tó wà nínú yàrá, wọn ò tilẹ̀ mọ̀.

5/
Ní 1932, Bertele yìí kan náà ló ṣe Sonnar f/1.5 fún Contax, kámẹ́rà rangefinder ti ilé iṣẹ́ Zeiss Ikon. Ọdún yẹn náà ni Leica II jáde, òun ni Leica àkọ́kọ́ tí rangefinder wà nínú rẹ̀. Nígbà tó di 1961, Canon gbé 50mm f/0.95 jáde fún Canon 7. Ẹ wo ìtàn yẹn dáadáa. Ogójì ọdún dín díẹ̀ ni wọ́n fi ń la ojú lẹ́ǹsì gbòòrò sí i, òkùnkùn ni wọ́n sì ń bá jà. Fíìmù ayé ìgbà yẹn kò lágbára, iná inú ilé kò tó. Ẹ̀yìn fọ́tò tó ń yọ́ jẹ́ gbèsè tí wọ́n san kí wọ́n lè ríran lóru. Gbèsè yẹn lẹ wá sọ di ẹrù ọjà.

6/
Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ olówó ló ń sọ̀rọ̀. Mi ò ní Leica, mi ò sì mọ ìgbà tí màá ní i. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Soviet kó ẹ̀rọ àti ìwé iṣẹ́ Zeiss lọ, wọ́n wá ń ṣe irú Sonnar yẹn fúnra wọn, wọ́n pè é ní Jupiter-3. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn, lórí Zorki-4. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló bá mi rà á ní àlòkù ní Kùtọnu. Ara rẹ̀ ti họ. Bí mo bá fẹ́ yí ìyára ṣọ́tà, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa fíìmù ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè bàjẹ́. Fíìmù kan, fọ́tò 36. Tó bá tán, ó di Èkó kí wọ́n tó bá mi fọ̀ ọ́.

7/
Ó dáa, báwo ni rangefinder ṣe ń ṣiṣẹ́? Kì í ṣe inú lẹ́ǹsì lo ti ń wo ìta. Fèrèsé kékeré kan wà lókè kámẹ́rà, ibẹ̀ lo ti ń wò. Láàárín fèrèsé yẹn, ojú ibì kan wà tó ń fi nǹkan kan ṣoṣo hàn ní méjì, bí ìgbà tí ojú ń ṣe èèyàn. Wàá máa yí lẹ́ǹsì títí méjèèjì á fi bọ́ sórí ara wọn. Tí wọ́n bá ti di ọ̀kan, fókọ́ọ̀sì ti dé nìyẹn. Tẹ̀ ẹ́.

8/
Ibi tí mo ń lọ rèé. Nínú fèrèsé yẹn, gbogbo nǹkan ló mọ́ kedere. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà níwájú rẹ mọ́. Ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókèèrè mọ́. Rangefinder kì í fi ìlú pamọ́ fún ẹ kó o tó yà á, kò dà bí àwọn kámẹ́rà tó ò ń wo inú lẹ́ǹsì wọn. Gbogbo ọjà lo rí. Ìwọ lo rí wọn tán tó o ní kí wọ́n máa lọ.

9/
Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọ̀sán gangan. Tó o bá la ojú lẹ́ǹsì dé f/1.2 nínú oòrùn Yewa ní aago méjìlá, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù, fọ́tò á funfun báláú. Ṣọ́tà kámẹ́rà àtijọ́, 1/1000 ló mọ. Kí lẹ wá ń ṣe? Ẹ ń ra gíláàsì dúdú, ẹ ń dè é mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì kí ìmọ́lẹ̀ lè dín kù! Ẹ ra lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe fún òkùnkùn, ẹ gbé e jáde lọ́sàn-án, ẹ wá fi dúdú bò ó lójú. Ẹni tó tan jẹnẹ lọ́sàn-án tó tún ti gbogbo fèrèsé pa, kí là ń pè é?

10/
Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lẹ́ǹsì 50mm lórí fíìmù 35mm. Ní f/0.95, tí èèyàn bá wà ní mítà 1 sí ẹ, ohun tó máa mọ́ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ojú mọ́, etí ti lọ. Ní f/1.5, ní mítà kan àbọ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8. Ní f/8, ní mítà 3, ó ju mítà kan àbọ̀ lọ: èèyàn, ọjà tó tẹ́ síwájú rẹ̀, àtẹni tó ń ná an. Lẹ́ǹsì kan náà ni o. Òrùka kan lo máa yí. Ìka méjì ló wà láàárín kí ìlú wà àti kí ìlú má sí.

11/
Ẹ máa ní oníbàárà ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n. Ilé iṣẹ́ kan gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n ya ọjà wọn lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ìlaròó. Mo yà á ní f/5.6, ojú àwọn ìyá mọ́, ìsọ̀ wọn náà hàn. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ẹ̀yìn fọ́tò "local" jù. Mo ní kí wọ́n fi ohun tí wọn ò fẹ́ hàn mí. Wọ́n fi pupa yí i ká: abọ́ gàrí, páànù tó dógùn-ún, agbọ̀n ata. Ọjà ni wọ́n ní kí n pa rẹ́ nínú fọ́tò ọjà. Mi ò tún un yà. Títí di òní, wọn ò san owó tó kù.

12/
Ẹ ronú sí i. Ìyá yẹn, wọ́n fẹ́ ojú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ẹ̀rín rẹ̀ àti gèlè rẹ̀. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ tó fi tọ́ ọmọ ni wọn ò fẹ́. Tó bá jẹ́ ní Paris ni, ẹ̀yìn fọ́tò á mọ́ kedere kí gbogbo ayé lè rí ilé ìṣọ́ Eiffel. Ìlú àwọn kan ló yẹ ní rírí, tiwa ló yẹ ní yíyọ́. Ẹ ò rí i pé èébú ni?

13/
Ẹni tó bá ní "àṣà fọ́tò ni", ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àṣà. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó ń bi àwọn èèyàn pé kí ni wọ́n fi ń mọ ère tó dáa. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1973. Lára ohun tí wọ́n sọ fún un ni jíjọra àti ìfarahàn. Ìfarahàn! Kí nǹkan hàn. Kí ojú hàn, kí ìlà ara ère yọ, kéèyàn má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa méfò. Inú ìwé yẹn kan náà ni William Bascom ti kọ nípa Duga, gbẹ́nàgbẹ́nà Ìmẹ̀kọ, ní ìtòsí wa níbí.

14/
Ẹ tún wo ara ògiri ilé ìyá yín àgbà. Fọ́tò tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Bàbá jókòó gbọnyin, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, agbádá bo àga, bàtà ń dán, ilẹ̀ tó tẹ ẹsẹ̀ lé sì hàn. Stephen Sprague kọ nípa irú fọ́tò yìí láàárín àwọn Yorùbá nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Àwọn onífọ́tò ìgboro yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Odindi èèyàn ni wọ́n ń yà, pẹ̀lú ohun tó ní àti ibi tó dúró sí. Kò sẹ́ni tó ń gé bàbá kù sí ìpéǹpéjú.

15/
Àwọn baba wa ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Fọ́tò yín, nǹkan fìrí ni.

16/
"Ṣé o fẹ́ ká máa ya gbogbo nǹkan ní f/8 ni? Fọ́tò ìwé ìrìnnà ńkọ́?" Rárá o. Bí ọmọ kan bá ń sunkún láàárín èrò, tó o fẹ́ kí ojú gbogbo wa lọ sára rẹ̀, la ojú lẹ́ǹsì. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn kò bá fẹ́ kí wọ́n ya òun, jẹ́ kó ṣú, ọ̀wọ̀ ni. Ohun tí mo ń bá jà ni pé ẹ ò pinnu. Ẹ gbé òrùka sí nọ́ḿbà tó kéré jù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, ẹ ò tíì yí i láti ìgbà yẹn. Ẹ ní owó lẹ fi rà á, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ owó yín tán.

17/
Tibi bọ́dà tiẹ̀ tún le jù. Lóṣù kẹjọ 2019, ìjọba ti bọ́dà. Lóṣù kọkànlá, wọ́n ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù wá sí ìlú tí kò jìn tó kìlómítà 20 sí bọ́dà. Ìdí-Ìrókò ò ṣí padà títí wọ 2022. Gbogbo wa la mọ bí ó ṣe rí: ọlọ́jà tí ò rí ọjà rà, onímọ́tò tí ò rí epo, ilé epo tí koríko hù síwájú rẹ̀. Kí ni àwọn tó wá láti ìgboro yà? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ọ̀kadà, ojú rẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ bàìbàì. Wọ́n kọ "fàyàwọ́" sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ilé epo tó ti kú nínú fọ́tò, kò sí ìsọ̀ tí wọ́n tì, kò sí ohunkóhun tó lè sọ ìdí. Tẹ́ ẹ bá ti pa ibi tí èèyàn wà rẹ́, ohun tó bá wù yín lẹ lè pè é.

18/
Ó dáa. Mo ti bú yín lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ ká wọ òru. Torí òru ni lẹ́ǹsì yìí jẹ́ tiwa gan-an, tó jẹ́ pé kò sí ará Berlin tó nílò rẹ̀ tó wa.

19/
Ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Yewa, Kétu tàbí Àwórì lè má mọ̀ pé òru ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ijó ọ̀sán lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n òru tó ṣáájú ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde lójú ọjà, tó ń júbà àwọn ìyá wa, tó ń wúre fún ìlú, tó sì ń fi orin bá ìlú wí: olè, àgbèrè, olóṣèlú, kò sẹ́ni tó yọ sílẹ̀. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó wọ àkójọ àṣà àgbáyé wọn ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́: ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran.

20/
Báwo lẹ ṣe ń ya òpin ìran yìí? Ẹ gbé iná LED tó funfun bíi ti ọsibítù wá. Ẹ tan ring light sójú ẹni tó ń kọrin. Ẹ ń bú fláàṣì pà pà pà sójú onílù. Ère tí wọ́n kùn kó lè yọ nínú iná àtùpà, ẹ sọ ọ́ di nǹkan orí tábìlì. Òru di ọ̀sán. Àwọn èèyàn tó wá gbọ́ orin ń fi ọwọ́ bo ojú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e síbí, ẹ kọ "our culture is so mysterious". Ẹ̀yin lẹ pa àṣírí náà!

21/
Ibẹ̀ ni lẹ́ǹsì olójú ńlá ti wúlò. Fíìmù 400, màá ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ bí 1600. f/1.5. Ṣọ́tà 1/30, tàbí 1/60 tí iná bá sún mọ́ ọn. Màá fi igbọ̀nwọ́ ti ìhà, màá mú mí dúró. Rangefinder kò ní dígí tó ń fò sókè sódò nínú, nítorí náà kì í mì púpọ̀, kì í pariwo púpọ̀, ojú rẹ kì í sì í pa nígbà tí fọ́tò ń wọlé. Mi ò tan iná kankan. Iná tí ìlú fi ń ríran lèmi náà fi ń ríran. Nínú àwọn 36 yẹn, mẹ́fà lè dáa. Mẹ́fà ọ̀hún, òru wà nínú wọn.

22/
Àwọn kan á ní dúdú ò yẹ káwọ̀ wa wà nínú dúdú, pé a ò ní hàn. Ẹ lọ wo iṣẹ́ Roy DeCarava, ọmọ Harlem ní New York, tó kú ní 2009. Ó ya àwọn aláwọ̀ dúdú nínú yàrá wọn, lójú pópó, níbi tí wọ́n ti ń lu jazz, ìmọ́lẹ̀ tó bá níbẹ̀ ló ń lò. Ní 1955, òun àti Langston Hughes ṣe The Sweet Flypaper of Life. Fọ́tò rẹ̀ dúdú bí òru, síbẹ̀ wàá rí èèyàn níbẹ̀, wàá rí i pé ara rẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó kéré. Fláàṣì ló ń sọ awọ wa di ohun tí wọ́n da òróró sí. Òkùnkùn kò bú wa rí.

23/
"Fóònù mi ní night mode." Ó dáa, mo ní i lórí tèmi náà. Night mode máa ń ya ọ̀pọ̀ fọ́tò tẹ̀ léra, á wá pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ilé tàbí igi, ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ kì í dúró dè ẹ́. Ẹsẹ̀ ń jó, ṣaworo ń mì, ọwọ́ onílù ń fò. Fóònù á sọ ọ́ di èéfín, tàbí kó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Tó o bá jẹ́ pé fóònù nìkan lo ní, lò ó fún fídíò, pa iná rẹ̀, jókòó síwájú àtùpà. Kò sẹ́ni tó ní kó o lọ jẹ gbèsè torí lẹ́ǹsì.

24/
Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ló kàn. Lẹ́ǹsì tó ń ríran lóru kò fún ẹ láṣẹ láti wo ohun gbogbo. Láwọn ìlú kan nílẹ̀ wa, tí Ìyá Ńlá bá fẹ́ jáde lóru Ẹ̀fẹ̀, gbogbo iná ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n pa. Wọn ò fẹ́ kí wọ́n wo ojú rẹ̀. Ìlú dìídì pe òkùnkùn ni. Ẹ wá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú f/0.95 yín, ẹ ń ṣírò pé ó máa wọlé? Ẹni tó bá ya ìyẹn, olè ni. Bí kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ Leica, olè tó gbé Leica ni.

25/
Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ti ń sú. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ ká jókòó tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń ní kí gbogbo ẹni tó gbé kámẹ́rà jáde. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bí àlejò bá gbé iná ọsibítù wá sílé mi, èmi náà á lé e. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, gbogbo wa ló máa ti, títí kan ọmọ agbolé tó fẹ́ ya bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń lu ìlù kí ọjọ́ tó lọ.

26/
Ẹ sì wo ohun tó wà nílẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe rí níbí nígbà tí àwọn òbí wa wà lọ́mọdé, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè wá ní Ẹ̀gbádò, ọ̀kan lára ìwé tí a máa ṣí ni ti Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal, tó jáde ní 1983. Àlejò ni wọ́n, wọ́n ṣiṣẹ́, mo kí wọn. Àwa ọmọ onílẹ̀ ńkọ́, tí kámẹ́rà wà lápò wa lójoojúmọ́? Kí lọmọ tí wọ́n bá bí lónìí máa ṣí ní 2070? Ojú kan àti ọ̀rá tó yọ́? Onílù kan tí fláàṣì sọ di funfun?

27/
"O fẹ́ràn ìlú jù, kọ́ńtẹ́ǹtì là ń ṣe, kì í ṣe ìtàn." Tẹ́ ẹ bá ti gbé e síbí, tẹ́ ẹ kọ Ìlaròó sí i, ó ti di ìtàn nìyẹn. Algorithm ò ní gbàgbé rẹ̀ fún yín. Ẹnì kan ní London tàbí Houston, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ayétòrò, fọ́tò yín ló máa fi mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹ fún un ní ilé.

28/
Ohun tí mo ń fẹ́ rèé, kò pọ̀:

Lọ́sàn-án, ẹ yí òrùka náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti f/5.6. Bí ẹ bá máa là á ju bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tẹ́ ẹ ń yà.

Ẹ jẹ́ kí nǹkan kan wà nínú fọ́tò tó lè sọ ibi tó jẹ́: pátákó, òrùlé, igi, ìsọ̀.

29/
Lóru, ẹ pa iná yín. Gbogbo rẹ̀. Ẹ lo ojú ńlá tẹ́ ẹ fi owó rà. Tí iná ìlú ò bá tó fún lẹ́ǹsì yín, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ gbọ́ orin.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde rárá, ẹ lọ kí àwọn àgbà Ẹ̀fẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ bi wọ́n pé: ìgbà wo la lè yà, ìgbà wo la ò gbọ́dọ̀ yà? Tí wọ́n bá ti dáhùn, ọ̀rọ̀ ti parí.

30/
Tí wọ́n bá ní kí wọ́n pa iná, ẹ fi ìdérí bo lẹ́ǹsì. Ẹ má fi sábẹ́ aṣọ kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá sì fọ fíìmù tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé, ẹ mú un padà lọ fún ìyá ẹlẹ́pà. Lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lórí WhatsApp. Ìyá tí mo mú ti tirẹ̀ lọ fún ò kọ́kọ́ wo ojú ara rẹ̀. Ó na ìka sí ẹ̀yìn fọ́tò, ó ní, "Ìsọ̀ Ìyá Ìbejì rèé, kí wọ́n tó kó kúrò níbẹ̀."

31/
Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, mo wà níbí. Ṣùgbọ́n kó gbé fọ́tò rẹ̀ dání wá: ọ̀kan tó yà ní Yewa lọ́dún yìí, tí mo lè wò kí n mọ àdúgbò tó jẹ́ láìka ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jù ú sísàlẹ̀ ibí. Èmi náà máa ju tèmi.